Ta Ló Ta Èkó? Olùkọ́ Ìtàn àti Ẹ̀rí Orí Ayélujára

Iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ mí ni pé kí n sọ bí olùkọ́ ṣe lè rí orísun ìtàn Nàìjíríà lórí ayélujára, kó sì fi kọ́ ọmọ.

1. Ohun tí a ń sọ

Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì, nítorí náà n kò ní í pẹ́ lórí ìtumọ̀. Orísun tààrà ni ohun tí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ fi sílẹ̀: lẹ́tà, àdéhùn, ìwé ìròyìn ìgbà náà, oríkì, fọ́tò. Orísun onípò kejì ni ohun tí onímọ̀ kọ lẹ́yìn tó ti yẹ ìwọ̀nyẹn wò. Èyí tí wọ́n ń ta látaré lórí WhatsApp láìsí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kò sí nínú méjèèjì. Ó tán.

Ẹ mọ̀ pé láti sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni ìtàn ti pòórá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, àwọn ọmọ wa kò dẹ́kun kíkọ́ ìtàn o. Ẹni tó ń kọ́ wọn nìkan ló yí padà: fóònù ló di olùkọ́ wọn.

2. Ẹjọ́ Dòsùnmú

Ẹjọ́ kan wà láàárín èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan, ó ti pẹ́. Wọ́n ní Ọba Dòsùnmú ló ta Èkó. Wọ́n ń sọ ọ́ ní kíláàsì, wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, ó sì ti dé orí ayélujára báyìí, níbi tí ọmọ ọdún méjìlá yóò ti rí i kó tó rí ohunkóhun mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a jọ wo ẹ̀rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fún Èkó. Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Akítóyè wàjà ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú sì jọba. Ẹni tó gun orí ìtẹ́ ní ìlú tí àgbá ti fọ́ mọ ohun tí ọkọ̀ ogun lè ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus wá gúnlẹ̀ ní 1861, tí Bedingfeld ọ̀gá ọkọ̀ àti McCoskry, adelé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá bá a pé kó fi ìlú lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ta ló gbọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí? Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ó fọwọ́ sí àdéhùn.

Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ìwé àdéhùn náà. Àmì X ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Dòsùnmú àti ti àwọn ìjòyè rẹ̀. Àwọn òyìnbó méjèèjì kọ orúkọ tiwọn ní kíkún. Ẹ fi ojú ewé yẹn han ọmọ, kí ẹ má sọ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú méjì. Ìbéèrè tí wọn yóò bi yín yóò pọ̀ ju èyí tó wà nínú ìwé ìdánwò lọ.

Ẹ wá ka abala kẹta. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ gbé ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lórí ìwé náà ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìlú mìíràn tó ń bá a du ilẹ̀ ọ̀hún. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi: ẹni tó bá ti ta ilé rẹ̀ tán, kí ni òǹtẹ̀ rẹ̀ tún ń ṣe lórí ìwé ilé náà?

Wọ́n á ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, àpò owó ẹyọ 1,200 ńkọ́?” Èyí ni wọ́n fi ń ṣẹ́gun àwọn tí kò kàwé. Iye yẹn kò sí nínú àdéhùn oṣù Kẹjọ rárá. Ohun tí àdéhùn sọ ni pé ọba yóò máa gba owó ọdọọdún tó bá èyí tó ń wọlé fún un tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Ọdún 1862 ni wọ́n tó fẹnu kò sí àpò 1,200 lọ́dún. Gbà-máà-bínú ni, kì í ṣe owó ọjà. N kò sọ pé Dòsùnmú kò ní àléébù, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kò dúró.

Ibi tó dùn jù lọ nìyí, àwọn olùkọ́ sì máa ń fò ó. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ fún òun àti àwọn èèyàn òun. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó dá a lẹ́jọ́ pé kò ju alábòójútó lọ, pé ẹ̀tọ́ onílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e dé iwájú Privy Council, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Macaulay gbé ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ó, ọba Èkó, dání. Ní 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́: fífi tí wọ́n fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà bí ẹni ń san án fún onílẹ̀, nítorí gbogbo ẹbí àti àdúgbò ló ni ín.

Ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi! Ìdájọ́ náà wà lórí ìkànnì ìdájọ́ BAILII lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ Amodu Tijani àti 1921, yóò jáde.

Ẹ kò gbọdọ̀ parí ẹ̀kọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá àṣẹ yẹn bí ìjọba nínú. Wọ́n bá Ẹlẹ́kọ̀ó ṣe é títí wọ́n fi lé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925, ọdún 1931 ló tó padà. Macaulay ní tirẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Láti orí àmì X kan, a ti dé ìbẹ̀rẹ̀ òṣèlú orílẹ̀-èdè yìí, ìwé tí a sì lò kò ju méjì lọ.

3. Ibi tí ẹ ti lè rí wọn

Nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn la máa ń lọ. O ó kọ nọ́ńbà fáìlì sórí ìwé pélébé, o ó sì jókòó. Wọ́n lè gbé e wá lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n sì lè ní àwọn kò rí i. Tó bá dé, eruku rẹ̀ á mú ọ sín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rí tiyín jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, síbẹ̀ ẹ ń ṣe ọ̀lẹ. Mo yẹ ìwé ètò ẹ̀kọ́ olùkọ́ kan wò: láàárín ọ̀rọ̀ Lugard, gómìnà òyìnbó, tó dà kọ láti orí ayélujára, “tẹ ibí láti ka ìyókù” wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti dà á kọ sínú ìwé wọn. Ẹ jọ̀ọ́!

Lórí Internet Archive, ẹ ó rí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah tẹ̀ jáde ní 1921. Àwọn àdéhùn wà lẹ́yìn ìwé náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, ìwé rẹ̀ sì fi hàn. Ẹ kà á pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn. Ìròyìn tí Lugard kọ lórí ìdàpọ̀ Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà ní 1914 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òun ni kí ẹ fi dá àwọn tó ń sọ pé ọgọ́rùn-ún ọdún péré ni ìdàpọ̀ náà wà fún lóhùn: kò sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

SlaveVoyages ní ìrìnàjò ọkọ̀ ẹrú tó lé ní 36,000. Àwọn ọmọ lè fúnra wọn ka èyí tó gbéra ní Èkó. Hansard ní àríyànjiyàn ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì lórí òmìnira wa ní 1960. Archivi.ng ń kó ìwé ìròyìn Nàìjíríà láti 1960 wá sójú kan.

Àṣírí kan rèé: ẹ fi bí òyìnbó ìgbà náà ṣe kọ orúkọ wá a. Docemo ni wọ́n pe Dòsùnmú, Abbeokuta ni Abẹ́òkúta.

4. Iná àti dátà

Mo mọ̀ pé iná kò sí, dátà sì wọ́n. Ẹ gba àwọn ìwé wọ̀nyí sórí fóònù nílé, kí ẹ tẹ ojú ewé kan ṣoṣo fún kíláàsì. Ojú ewé kan tí wọ́n kà dáadáa ju ogún tí wọ́n dà kọ lọ.

5. Ìparí

Alága ti ń wo aago, n kò ní í lè dé orí oríkì àti ìtàn ẹnu bí mo ti gbèrò. Ohun méjì ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀. Ìjọba, ẹ gbé àwọn fáìlì Ìbàdàn sórí ayélujára kí ikán tó jẹ wọ́n tán. Kò yẹ kó rọrùn láti rí ìtàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ju ilé lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó kọ “1861” sójú pátákó ní sáà tó ń bọ̀, ẹ ka àdéhùn náà àti ìdájọ́ 1921, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn dá ẹjọ́ Dòsùnmú.