ÀWA LA Ń PE ÈKÚTÉ WÁ SÍNÚ ỌJÀ
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ wa)

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ń ṣe sí àyíká. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, ṣùgbọ́n ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni n ó ti mú un. Ọ̀rọ̀ èkúté àti ibà Lassa ni.

Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àìsàn yìí mọ̀ ní ìlú Lassa, tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Ó ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Ní 2018 tó jà gan-an, ìpínlẹ̀ Edo àti Ondo wa yìí ló ní ju ìdajì lọ nínú àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, ojú títì kan náà la jọ wà.

Èkúté kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ló ń gbé e kiri. Kòkòrò àrùn náà wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Tó bá tọ̀ sórí gàrí, ẹni tó jẹ ẹ́ tàbí tó fọwọ́ kàn án lè kó o. Ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì aláìsàn náà lè ràn mọ́ ẹlòmíràn. Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà ló máa ń burú fún jù. Ẹlòmíràn á yè é, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á di.

Ta ló wá pe èkúté? Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Àwa la la ògiri lẹ́nu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, a ó dáná sungbó, àwọn kan torí oko, àwọn kan torí ẹran ìgbẹ́. Ibùgbé èkúté á jó, oúnjẹ rẹ̀ á tán lóko, ló bá forí lé ilé. Ejò, òwìwí àti àwòdì tó yẹ kó máa jẹ ẹ́, a ti pa wọ́n, a sì ti gé igi tí wọ́n ń bà lé. Tó bá dé ọjà, á bá ààtàn lẹ́yìn ìsọ̀, á bá àpò àgbàdo nílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ààtàn yẹn kan náà á ṣàn wọnú odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ mi ò mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a pé èkúté ti jẹ ìdí àpò gàrí mi. Mo bu ibi tó jẹ dànù, mo rán àpò náà, mo gbé e síta. Oníbàárà mi kan láti Àkúrẹ́ rí ojú ibi tí mo rán. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà á jẹ ẹ́ nílé?" Mi ò lè dá a lóhùn. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sin gbogbo àpò náà. Owó rẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ló ṣì wà lọ́kàn mi.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo wá bẹ̀. Èkíní, kí a má sá èlùbọ́ tàbí gàrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ́. Èkejì, kí a máa gbá ìsọ̀ wa kí a tó lọ sílé lọ́jọ́ ọjà, kí a má sì fi ìdọ̀tí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀kẹta ló le: kí a yọ díẹ̀ nínú èrè ọdún yìí kí a tó pín in, kí a fi ra dúrọ́ọ̀mù tó ní ọmọrí fún àwọn tó ń ta gàrí, èlùbọ́ àti àgbàdo. Ẹni tó bá gbà á yóò máa san án díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń san owó tí a yá. Mo mọ̀ pé owó ilé ìwé ọmọ wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé gàrí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ló pa èèyàn, kí ni a ó rí pín lọ́dún tó ń bọ̀?

Nílé náà, bí ibà bá kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn oògùn, ẹ má dúró ti àgbo. Ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn, torí oògùn ibà Lassa máa ń ṣiṣẹ́ jù tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọjà wa á tà, a ò ní fi owó rẹ̀ tọ́jú àìsàn.