Ọmọ Tí A Fi Sọ́wọ́ Alágbàtọ́: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó àjẹmọ́nú ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ la gbé wá lónìí.

Àwa obìnrin Rẹ́mọ kì í jókòó sójú kan. Ẹni tó ń kó obì lọ sí Kánò wà láàárín wa, ẹni tó ń sùn sí Èkó nítorí ọjà wà níbẹ̀, ẹni tó lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù náà sì ń bẹ. Bí a bá ń lọ, a ó fa àwọn ọmọ lé àbúrò tàbí aládùúgbò lọ́wọ́: "Ẹ bá mi mójú tó wọn o." Ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwa náà. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ní ń tọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ayé ti di ayé ìwé. Bí inú bá ń run ọmọ lóru, tí wọ́n gbé e dé ọsibítù ńlá Ṣàgámù, tí dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, ta ni yóò tọwọ́ bọ̀wé? Ìyá wà ní Kánò, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ti ọ̀kan nínú wa, ilé-ìwé ni. Ibà ń ṣe ọmọ, alágbàtọ́ lọ mú un, ọ̀gá ilé-ìwé ní òun ò lè fa ọmọ lé ẹni tí òun ò mọ̀ lọ́wọ́. Inú bí wa nígbà náà. Ká sòótọ́, pẹ̀lú gbọ́mọgbọ́mọ tó wà nílùú, ọ̀gá yẹn ò jẹ̀bi.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2006. Lábẹ́ òfin, òbí kò lè bọ́ ẹrù òbí kúrò lọ́rùn ara rẹ̀ gbé fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó lè yan ẹni tí yóò bá a rù ú. Nítorí náà, ìwé tí à ń wí yìí kò sọ alágbàtọ́ di ìyá ọmọ. Gbígba ọmọ ṣọmọ, kóòtù ló ń ṣe ìyẹn. Òfin kan náà ní ká má fi ọmọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀, ká má sì fi í kiri ọjà. Ẹ má wo ara yín lójú.

Ẹ gbọ́ ti Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast. Àwọn òbí rẹ̀ fà á lé ìbátan bàbá rẹ̀ kan lọ́wọ́, obìnrin tó ní òun yóò fi í sílé-ìwé lókè òkun. Orúkọ ọmọ mìíràn ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù tó fi mú un wọ Lọ́ńdọ̀nù ní 1999. Ní February 25, 2000, ọmọ ọdún 8 náà kú, ojú ọgbẹ́ 128 lára rẹ̀. Obìnrin yìí àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé gba ẹ̀wọ̀n gbére ní 2001. Ẹbí ni àwọn òbí fọkàn tán o! Ní ìlú Ọba, ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́, tó bá fẹ́ tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbọ́dọ̀ fi tó káńsù létí. Kí àwọn tó ń fọmọ ránṣẹ́ síbẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe é.

Kí ni ká kọ? Orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Orúkọ alágbàtọ́, àdírẹ́sì rẹ̀, àti bó ṣe jẹ́ sí ọmọ. Ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí (èyí la máa ń gbàgbé jù). Ohun tó lè ṣe: mímú ọmọ nílé-ìwé, oògùn, iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì. Ẹ kọ bóyá AS ni ọmọ tàbí SS. Kí bàbá àti ìyá fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì wà, ká sì lọ búra lé e lórí ní kóòtù. Alágbàtọ́ á mú ọ̀kan, ilé-ìwé á mú ọ̀kan.

Ìwé kì í ṣe ojú o. Ẹni tó rìnrìn àjò, kó máa bá ọmọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kì í ṣe alágbàtọ́ nìkan.

A ti tẹ àpẹẹrẹ ìwé náà, ó wà lọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò kó wá mú tirẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, kó sì mú bàbá ọmọ dání.