Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdánwò GRE

Ẹ̀yin ará, ìdánwò kan wà tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì mọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti gboyè ní yunifásítì. GRE ni a ń pè é. Ọdún 1936 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ETS ni ó sì ń ṣe ètò rẹ̀ láti ọdún 1948. Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń wo èsì rẹ̀ kí wọ́n tó gba ẹni tí ó fẹ́ gba oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn ẹ̀ka kan ti pa á tì. Nítorí náà, kí ẹni tí ń wá àyè kọ́kọ́ ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ ẹ̀ka tí ó fẹ́. Owó dọ́là ni a fi ń san owó ìdánwò náà, kò sì kéré lójú òbí tí ń ta kòkó tàbí gaàrí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe é láìmúra.

Ìpín mẹ́ta ni ìdánwò náà ní: àròkọ, ìṣirò, àti òye èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ti èdè ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 tí wọ́n ti gé ìdánwò náà kúrú, ìbéèrè 27 ni ó wà nínú ìpín èdè, ìṣẹ́jú 41 ni a sì fi ń dáhùn wọn. Nínú àwọn kan, a ó ka àyọkà, a ó sì dáhùn ìbéèrè lé e lórí. Nínú àwọn yòókù, a ó wá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ àlàfo inú gbólóhùn.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ra ìwé tí a to ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sí, wọn a sì há wọn sórí. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Kí wọ́n tó tún ìdánwò náà ṣe ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kalẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ wá òdì-kejì rẹ̀. Èyí ti kásẹ̀ nílẹ̀. Inú gbólóhùn ni a ti ń bá ọ̀rọ̀ pàdé nísinsìnyí.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Bí a bá rí ọ̀rọ̀ náà “oko” nínú ìwé tí kò ní àmì, ṣé oko tí a ń ro ni, àbí ọkọ ìyàwó, àbí ọkọ́ àgbẹ̀, àbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn? Ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì rí. “Sanction” lè jẹ́ àṣẹ tí a fi gba nǹkan láàyè. Ó sì lè jẹ́ ìyà tí a fi jẹ arúfin. “Qualify” tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí kíkún ojú ìwọ̀n tún túmọ̀ sí fífi ààlà sí ọ̀rọ̀ kí ó má baà gbòòrò jù.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lójúmọ́. Kí ó kọ gbólóhùn tí ó ti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan pàdé sílẹ̀, kí ó sì fi í ṣe gbólóhùn tirẹ̀. Kí ó tún wọn wò lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́yìn oṣù kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ó bá kan ìbéèrè alálàfo, kí ó fi ọwọ́ bo àwọn ìdáhùn, kí ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dí àlàfo náà, kí ó tó wá èyí tí ó bá a mu.

Nípa ti àyọkà, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn fi ohun tí ó mọ̀ dáhùn dípò ohun tí ó kà. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ yìí: “Ní ọdún tí òjò pọ̀, kòkó àgbẹ̀ kan kò so dáadáa. Àwọn aládùúgbò sọ pé òjò ni ó fà á. Ṣùgbọ́n oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí òjò kan náà rọ̀ sí, so wọ̀ǹtìwọnti.” Kí ni a lè fà yọ? Ẹni tí ó mọ̀ pé òjò púpọ̀ máa ń mú kí kòkó jẹrà yóò sọ pé òjò ni. Òótọ́ ni ìmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àyọkà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fi hàn ni pé òjò nìkan kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ oko méjèèjì. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò yìí, kí ọmọlúàbí má ṣe fi kún un ju ohun tí ìwé gbé lé e lọ́wọ́ lọ.

Kò sí ìyà fún ìdáhùn tí ó kùnà. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láìdáhùn. ETS fi ìdánwò àpẹẹrẹ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó fi aago sí ẹ̀gbẹ́ bí ó bá ń ṣe é. Ọdún 5 ni èsì náà fi ń wúlò, ẹni tí kò bá sì ṣe dáadáa lè tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 21. Ṣùgbọ́n owó mìíràn ni yóò san.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rò pé ọmọ tí ó jókòó ti ìwé ń fi ọjọ́ ṣòfò. Bí ẹ bá fún un ní wákàtí kan lójúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rán an níṣẹ́, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni ẹ ṣe fún un.