Dídí Oríkèé Páìpù Táǹkì Ẹja

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ohun kékeré kan tí ó lè sọ iṣẹ́ ńlá di òfo. Ohun náà ni oríkèé páìpù, èyíinì ni ibi tí páìpù kan ti wọ inú èkejì, tàbí ibi tí ó ti gba ara táǹkì jáde.

Ní Ìràwọ̀ àti ní gbogbo Òkè-Ògùn, òjò a máa dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù kọkànlá ọdún, kì í sì í padà dáadáa títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Láàárín àkókò náà ni ọyẹ́ ń fẹ́, tí odò kéékèèké ń gbẹ, tí omi kànga sì ń lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sin ẹja àrọ̀ sí àgbàlá rẹ̀ ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, owó ni ó fi ń rí omi, yálà ó ra epo sí ẹ̀rọ tí ń fà á ni, tàbí ó ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Ní ìwọ̀n bí ogún ẹ̀kán omi ni ó wà nínú mílílítà 1. Nítorí náà, bí oríkèé kan bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, omi tí yóò bá a lọ láàárín wákàtí 24 yóò ju lítà 4 lọ. Èyí lè má tó nǹkan lójú ẹni tí omi pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkèé tí ń kán lónìí lè yọ pátápátá lóru ọ̀la.

Àgbà àrọ̀ lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀ bí omi bá fà, nítorí ó ní ẹ̀yà ara kan ní orí rẹ̀ tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde. Ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò tíì ní irú rẹ̀. Táǹkì ọmọ ẹja tí omi rẹ̀ bá gbẹ lóru, ilẹ̀ kì í mọ́ bá wọn láàyè.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ènìyàn gbà pé bí gọ́ọ̀mù bá ti pọ̀ tó ni oríkèé yóò ti le tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gọ́ọ̀mù páìpù PVC kì í ṣe àtè. Ńṣe ni ó ń yọ́ ojú páìpù àti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí àwọn méjèèjì fi ń wọ inú ara wọn di ọ̀kan. Bí omi, eruku tàbí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ náà bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ gé ẹnu páìpù kí ó gún régé, kí a fá etí rẹ̀ mọ́, kí a fi sáńpépà ha á díẹ̀, kí a sì nù ún gbẹ. Kí a kì í bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì láìtíì fi gọ́ọ̀mù kàn án, kí a mọ̀ bóyá ó bá a mu. Lẹ́yìn èyí ni a óò fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a óò tì í wọlé, a óò yí i díẹ̀, a óò sì dì í mú fún ìdajì ìṣẹ́jú kí ó má baà ti ara rẹ̀ jáde. Ó dára kí ó di ọjọ́ kejì kí omi tó gba ibẹ̀ kọjá. Èéfín gọ́ọ̀mù yìí a máa gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni kí a ti lò ó, kí ó jìnnà sí iná àti sìgá.

Oríkèé tí a ń yí wọlé bí ìdérí ìgò ni ti téèpù funfun. Ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà kan, Roy Plunkett, ni ó ṣèèṣì rí ohun tí a fi ń ṣe é ní ọdún 1938, nígbà tí gáàsì tí ó fi pamọ́ sínú àgbá irin di ìyẹ̀fun funfun tí ń yọ̀. Yíyọ̀ náà gan-an ni ìwúlò rẹ̀. Téèpù kì í lẹ nǹkan mọ́ra. Àyè àárín ìlà yíyípo ni ó ń dí, ó sì ń jẹ́ kí a lè yí oríkèé wọlé dé ibi tí ó yẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni kí a wé e, sí ọ̀nà kan náà tí a óò gbà yí i wọlé. Ẹni tí ó bá wé e sódì, bí ó ti ń yí i wọlé ni téèpù ń tú. Kí a rántí pẹ̀lú pé ike kì í ṣe irin: kí a fi ọwọ́ yí i tán, kí a wá fi sípánà fi díẹ̀ kún un, nítorí agbára àpọ̀jù a máa la sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ọ̀dà tí ó ní òjé dí ibẹ̀, bí àwọn plọ́mbà àtijọ́ ti ń ṣe fún páìpù irin. Májèlé ni òjé.

Ibi tí ó gba sùúrù jùlọ ni ibi tí páìpù ti la ara táǹkì kọjá. Bí táǹkì náà bá jẹ́ ike, kí ojú ibẹ̀ tẹ́jú, kí rọ́bà wà ní ìhà inú níbi tí omi wà. Bí ó bá jẹ́ ti sìmẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí ara páìpù ike dán jù fún sìmẹ́ǹtì láti dì mọ́. Ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ ń dá sí i ni pé kí a fi gọ́ọ̀mù pa apá tí yóò wà nínú ògiri, kí a yí i nínú yanrìn gbígbẹ, kí a jẹ́ kí ó le, kí a tó fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n. Yanrìn náà ni sìmẹ́ǹtì yóò dì mú.

Kí ẹja tó wọlé, kí a dán an wò. Ọyẹ́ Ìràwọ̀ lè fa omi táǹkì tí kò jò rárá, nítorí náà kí a gbé garawa omi kan sínú omi táǹkì, kí a sì sàmì sí ojú omi méjèèjì. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tí ti táǹkì fà ju ti garawa lọ, ó ń jò. Bí kò bá sí ibi tí ó tutù lóde, kí a fi omi náà sílẹ̀ kí ó máa fà títí yóò fi dúró. Déédéé ibi tí ó bá dúró sí ni kí a ti wá ibi tí ń jò. Omi ìdánwò yìí ni yóò ṣan òórùn gọ́ọ̀mù kúrò nínú páìpù. Kí a dà á nù, kí a pọn òmíràn fún ẹja.