Ìdílé Ẹranko: Láti Ekòló Dé Òfàfà

[Orin ìdánimọ̀ ètò, ó rọra lọ sílẹ̀]

Ẹranko ni gbogbo ẹ̀dá abẹ̀mí tí ara rẹ̀ jẹ́ àkójọ ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, tí kò lè fi oòrùn pèsè oúnjẹ bíi ti ewéko, tó jẹ́ pé ohun ẹlẹ́mìí mìíràn ló ń jẹ kó tó lè wà láàyè. Ekòló inú ilẹ̀ jẹ́ ẹranko, ìgbín àti eṣinṣin jẹ́ ẹranko, gẹ́gẹ́ bí ìgalà àti erin ṣe jẹ́. Irú èyí tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ìbéèrè tó ń tọ́ iṣẹ́ pípín wọn ni pé: ta ló bá ta tan? Ibi tí ẹranko ń gbé kò tó láti dáhùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ kò tó. Bí ara rẹ̀ ṣe rí nínú àti lóde, bó ṣe ń bímọ, bó ṣe ń dàgbà, àti ohun tó jogún láti ìran dé ìran ni a fi ń mọ ẹbí rẹ̀.

Ní ọdún 1758, Carl Linnaeus, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, to gbogbo ẹranko tó mọ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà nínú ẹ̀dà kẹwàá ìwé rẹ̀, Systema Naturae: afọ́mọlọ́mú, ẹyẹ, ẹja, kòkòrò, aràn, àti ọ̀wọ́ kan tó kó ejò, alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ sí. Àwọn tó tẹ̀lé e tún un tò, wọ́n ya ọ̀pọ̀lọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ejò, wọ́n sì pín àwọn aláìlégungun sí ọ̀pọ̀ ìdílé. Ní Imeri àti àwọn ìlú tó yí i ká ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó, títí dé igbó tí ìjọba fi pa mọ́ ní Ìfọ́n, àpẹẹrẹ àwọn ìdílé wọ̀nyí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

[Ìró: òjò lórí ewé]

Àwọn tí kò ní egungun ẹ̀yìn ló pọ̀ jù. Nínú ọgọ́rùn-ún irú ẹranko tí a mọ̀, àwọn tó ní egungun ẹ̀yìn kò tó márùn-ún.

Ekòló ní ara tó pín sí òrùka òrùka láti orí dé ìdí, eṣúṣú tó ń fa ẹ̀jẹ̀ nínú omi sì jẹ́ ẹbí rẹ̀. Aràn inú ìfun kò bá wọn tan, nítorí ara tirẹ̀ jọ̀lọ̀ láìní òrùka. Ìdílé aràn yìí ni sòbìà ti wá, àrùn tó fi ojú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ rí màbo láyé àtijọ́. Ẹni tó bá mu omi tí ẹ̀dá wẹ́wẹ́ kan tó gbé ọmọ sòbìà wà nínú rẹ̀ ló ń kó o. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ yìí.

Ìgbín àti ìṣáwùrú wà nínú ìdílé alára rírọ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo pẹlẹbẹ ni ìgbín fi ń wọ́, awọ tó bo ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣe ìkarahun, ahọ́n rẹ̀ sì kún fún eyín wẹ́wẹ́ tó fi ń ha ewé jẹ. Ìgbín kan náà ni akọ, òun náà ni abo.

Ìdílé tó pọ̀ jù lọ ni ti ẹlẹ́sẹ̀ oríkèé. Èèpo líle ló bo ara wọn lóde. Kì í dàgbà bá wọn, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kí wọ́n tó tóbi sí i. Ẹsẹ̀ la fi ń yà wọ́n. Tata tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́, ikán, oyin àti labalábá ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ara wọn sì pín sí orí, àyà àti ikùn: kòkòrò ni wọ́n. Aláǹtakùn, àkeekèé àti eégbọn ní mẹ́jọ. Akàn ní mẹ́wàá, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ń gbé sòbìà kiri sì jẹ́ ẹbí rẹ̀. Ọ̀kùn ní ẹsẹ̀ tó pọ̀ ju gbogbo wọn lọ.

[Ìró: kọ̀ǹkọ̀ ń ké létí odò]

Àwọn elégungun ẹ̀yìn pín sí ọ̀wọ́ márùn-ún tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ẹja ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn. Lẹbẹ ni wọ́n fi ń wẹ̀. Ẹ̀yà pupa fẹlẹfẹlẹ tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí ni wọ́n fi ń mí nínú omi. Ẹpiya ní ìpẹ́, àrọ̀ kò ní. Àrọ̀ tún ní ẹ̀yà kan lókè ibi tó fi ń mí yìí tó fi ń gba afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè kú lórí ilẹ̀. Síbẹ̀ ẹja ni.

Ọ̀pọ̀lọ́, àkèré àti kọ̀ǹkọ̀ ń gbé ayé méjì. Ẹyin wọn kò ní èèpo, inú omi ni wọ́n sábà ń yé e sí. Légbénlègbé tó jáde níbẹ̀ ń mí bí ẹja, ó ní ìrù, kò lẹ́sẹ̀. Bó bá yá, ẹsẹ̀ á hù, ìrù á wọlé, yóò sì fi ẹ̀dọ̀fóró àti awọ tútù rẹ̀ mí.

Afàyàfà ní awọ gbígbẹ tí ìpẹ́ bò. Ejò, alángbá, ọ̀gà, ìjàpá àti ọ̀nì wà níbẹ̀. Igbá ẹ̀yìn ìjàpá lẹ̀ mọ́ egungun ìhà àti ti ẹ̀yìn rẹ̀, kò lè jáde kúrò nínú rẹ̀ láéláé. Erè ń yé ẹyin, ó sì ń ká mọ́ ọn. Ọká ń bí ọmọ láàyè. Bíbí ọmọ láàyè kò sọ ọká di afọ́mọlọ́mú, nítorí kò ní ọmú.

Ìyẹ́ ni àmì ẹyẹ. Nínú gbogbo ẹranko tó wà láyé lónìí, kò sí ẹlòmíràn tó ní in. Ẹyẹ ní àgógó tí kò ní eyín, ẹyin rẹ̀ ní èèpo líle, ara rẹ̀ sì máa ń móoru nígbà gbogbo. Ẹ̀ga ní ẹbí kan, Malimbus ibadanensis, tí J. H. Elgood ṣàpèjúwe ní 1958. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí a ti lè rí i ju ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà lọ.

[Ìró: igbó lóru]

Afọ́mọlọ́mú ní irun lára, abo ń fún ọmọ lọ́mú, egungun wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló sì wà nínú etí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ yìí ni ojú ti ń tan ènìyàn jù.

Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ, ṣùgbọ́n kò bá ẹyẹ tan. Awọ tó nà láàárín ìka ọwọ́ rẹ̀ gígùn ni apá tó fi ń fò. Àwọn tó kún orí igi ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń bímọ, wọ́n sì ń fún un lọ́mú. Linnaeus to àdán pọ̀ mọ́ ọ̀bọ àti ènìyàn. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló fún un ní ìdílé tirẹ̀.

Akika ní ìpẹ́ láti orí dé ìrù, àmọ́ ohun tó di èékánná ènìyàn náà ló di ìpẹ́ yẹn, irun sì wà ní ikùn rẹ̀. Kò ní eyín. Ahọ́n gígùn ló fi ń lá ikán àti èèrà. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, fẹnu kò láti fòfin de òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Òyà, òkété, òòrẹ̀ àti ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ́ ẹbí kan: eyín iwájú wọn kì í yé hù, jíjẹ nǹkan líle ló ń bá wọn dín in kù. Òfàfà jọ wọ́n ní ìrísí, ṣùgbọ́n erin ni ìbátan rẹ̀. Ìka mẹ́rin ló wà ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, mẹ́ta ní ti ẹ̀yìn, èékánná rẹ̀ sì tẹ́ bíi ti erin. Eyín iwájú òkè ló gùn jáde lẹ́nu rẹ̀, eyín yìí kan náà ló di eyín erin. Ní 2021, John Oates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé òfàfà tó wà láàárín odò Volta àti odò Ọya yàtọ̀ sí àwọn yòókù: gbígbó ló ń gbó lóru níbi tí àwọn yòókù ti ń pariwo fíofío, agbárí rẹ̀ kúrú, ó sì fẹ̀, àbùdá rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Wọ́n pè é ní Dendrohyrax interfluvialis. Ilẹ̀ tó wà láàárín odò méjèèjì yìí ni Imeri wà.

Igba ọdún ó lé lẹ́yìn Linnaeus, iṣẹ́ títo ẹranko kò tíì parí. Irú tí a kò yà sọ́tọ̀ kò ṣeé kà, òfin kò sì lè dárúkọ rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Bí wọ́n ṣe ń gé igbó ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àwọn kan lè run kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìdílé wọn.

[Orin ìparí]