Ọkùnrin tí Kò Ṣeé Sún Mọ́: Fíìmù Phone Swap àti Àwa Ará Maiduguri

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Umarari, Maiduguri

Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni mo gbé wá. Mo rí i pé àwọn kan ti ń wo ara wọn lójú, pé ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ló yẹ kí olùkọ́ àgbà gbé wá sí ìlú tí ojú rẹ̀ ti rí tó báyìí. Ẹ fara balẹ̀, a óò dé ibẹ̀.

Oṣù kẹta ọdún 2012 ni Kúnlé Afọláyan gbé Phone Swap jáde. Ọmọ Adéyẹmí Afọláyan ni Kúnlé, Adé Love tí ẹ̀yin àgbà tò síwájú sinimá láti wò nínú Àjàní Ògún ní 1976. Kẹ́mi Adéṣọyè ló kọ ìtàn fíìmù náà, òun náà ló kọ The Figurine tí Kúnlé ṣe ní 2009. Nse Ikpe-Etim ni Mary, Wálé Òjó ni Akin.

Aránṣọ ni Mary, ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó le koko. Wọ́n ń retí rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ ní Owerri, torí ìgbéyàwó ọmọ ìyá rẹ̀ fẹ́ tú ká, ẹbí sì fẹ́ jókòó lé e lórí. Akin ní tirẹ̀, oníṣòwò ńlá ni, Abuja ni iṣẹ́ ń gbé e lọ. Wọ́n forí gbárí ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, oníkálùkù gbé fóònù ẹnì kejì. Àṣìmú yìí ló sọ Akin di èrò Owerri, tó sọ Mary di èrò Abuja. Ìgbà tí ojú wọn yóò fi là, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe, ni wọ́n bá gbà pé kí oníkálùkù bá ẹnì kejì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ta ni Akin? Ọkùnrin tó lówó, tó mọṣẹ́, tí kò sì sí ẹni tó lè bá a jókòó pẹ́. Ó ń pàṣẹ, kì í bèèrè. Gbogbo ayé rẹ̀ wà nínú fóònù: ìpàdé, owó, ìbáwí. Ẹ wo bí fóònù ṣe ń dún tó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní alábàárò kankan. Irú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì nínú ẹ̀fẹ̀ Yorùbá. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, fi ahun àti alágídí pa wá lẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n Bàbá Sàlá kì í yí padà. A rẹ́rìn-ín rẹ̀ lónìí, bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ahun náà ló ṣì jẹ́, a ò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí Kẹ́mi Adéṣọyè gbé lé ara rẹ̀ lórí wúwo ju ìyẹn lọ, torí ó fẹ́ ká rẹ́rìn-ín ọkùnrin yìí, kí a sì tún fẹ́ràn rẹ̀ kí iná tó tàn padà nínú gbọ̀ngán.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ pé ìfẹ́ Mary ló tún Akin ṣe. N kò gbà. Ẹ bá mi wo ìtàn náà dáadáa: fíìmù ìfẹ́ nìyí tí ọkùnrin àti obìnrin inú rẹ̀ kò sí nílùú kan náà fún ìgbà pípẹ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń bá ara wọn jà. Ìfẹ́ wo ló ráyè ṣe àtúnṣe níbẹ̀? Ìpàdé ẹbí ló tún Akin ṣe. Ọkùnrin tí kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni bá ara rẹ̀ lójijì láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, níwájú bàbá Mary, tí Chika Okpala ṣe, Zebrudaya tí gbogbo Nàìjíríà ti mọ̀ tipẹ́. Kò lè lé wọn níṣẹ́. Kò lè pa ìpè. Ó di dandan kó jókòó, kó gbọ́, kó sì sọ ọ̀rọ̀ tí yóò ran obìnrin kan lọ́wọ́ láti gbé ilé ọkọ rẹ̀. Ní Abuja, Mary ń bá ìyá Akin gbé, Jọkẹ́ Silva ni ìyá náà. Ẹni tí ìyá náà kò bí ló wá ń ráyè gbọ́ tirẹ̀, nígbà tí ọmọ tó bí wà níwájú bàbá ẹlòmíràn. Bí fíìmù náà bá ní ọgbọ́n kan tó ju ẹ̀rín lọ, ibí yìí ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òkè òkun wé e. Ní 2002, Paul Thomas Anderson ṣe Punch-Drunk Love ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù ní Cannes lọ́dún náà. Adam Sandler ni Barry Egan, ọkùnrin adánìkanwà tí àwọn arábìnrin rẹ̀ méje kò jẹ́ kó sinmi. Bí inú bá bí i, a fọ́ gíláàsì. Lóru ọjọ́ kan ó pe nọ́ńbà kan torí kó lè rí obìnrin bá sọ̀rọ̀, ìpè yẹn ló kó ajínigbówó lé e lórí. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń ra pudding jọ pelemọ torí pé iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ń fi máìlì ìrìnàjò bàálù, èyí tí èèyàn lè fi wọ bàálù lọ́fẹ̀ẹ́, ta àwọn oníbàárà lọ́rẹ. Ẹ má rò pé àròsọ ni: David Phillips ṣe é gan-an ní Amẹ́ríkà ní 1999. Owó bíi dọ́là 3,000 ló ná, máìlì tó gbà lé ní mílíọ̀nù kan.

Fóònù àti bàálù ló wà nínú fíìmù méjèèjì. Ṣùgbọ́n Barry, àwọn ẹbí ló gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn kó tó lè fẹ́ Lena, obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ sí. Akin, àárín ẹbí ló gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àwọn arábìnrin Barry wà nílé wa dáadáa. Ẹ bi ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tí kò tíì gbéyàwó, tó lọ síbi òkú ṣíṣe n'Ìbàdàn, bóyá ó jẹ àmàlà rẹ̀ tán kí wọ́n tó bi í léèrè aya. Ẹbí a máa tún èèyàn ṣe, a sì máa sọ ọ́ di kò-ṣeé-sún-mọ́. Phone Swap fọwọ́ ba èyí nínú ọ̀rọ̀ Akin àti ìyá rẹ̀, ó sì yára kọjá. Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù lójú mi nìyẹn. Òpin rẹ̀ dùn, àmọ́ ó rọrùn jù.

Ó wá kù sí ọ̀dọ̀ tiwa. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 yẹn kan náà ni àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu àwọn òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Maiduguri àti nílùú mìíràn l'Áríwá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa, fóònù sì dákẹ́. Lóṣù kẹfà, àwọn ológun tún ka fóònù sátẹ́láìtì léèwọ̀ ní Borno. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹni tó ní ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ̀ bóyá ó jẹun. Àwọn tó wà nílé náà kò mọ̀ bóyá ẹni tó wà níbí ṣì wà.

Ẹ wá fi Akin sí Umarari lọ́dún náà. Ọkùnrin tí kì í kí aládùúgbò, tí kò gbọ́ Kanuri, tí Hausa rẹ̀ kò ju owó ọjà lọ. Fóònù rẹ̀ ti kú. Òfin kónílé-ó-gbélé ti dé, sọ́jà wà níta, ilé kejì nìkan ló lè lọ. Yóò kan ilẹ̀kùn ni. Kí ni yóò sọ? Báwo ni obìnrin tó ṣílẹ̀kùn yóò ṣe dá a lóhùn? Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀, ìfẹ́ sì lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dárúkọ ìlú yìí nínú fíìmù, ìbọn àti ẹkún ni wọ́n máa ń gbé jáde, bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan tó fẹ́ ẹnìkejì sọ́nà níbí láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ gbéyàwó nígbà náà wà níwájú mi, ẹ ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ bá àwọn òbí yín lálẹ́ òní. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n sá lọ nígbà tí fóònù dákẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ di eré, kó fi ránṣẹ́ sí mi, màá kà á.