Fóònù àti kọ̀ǹpútà ní kíláàsì: Ohun tí Niamey ti rí láti ọdún 1964



Bí wọ́n bá ní kí ilé ẹ̀kọ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí kó san owó dátà, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé: "Eélòó ni?" Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: bí ọmọ bá dáhùn, ta ló máa gbọ́?

Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ti bá ìbéèrè yìí pàdé kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Lọ́dún 1964, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn òmìnira, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi amóhùnmáwòrán kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ kò tó, bẹ́ẹ̀ ni èdè Faransé tí wọ́n fi ń kọ́ni kì í ṣe èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nílé. Níbi tí kò ti sí iná, bátìrì ni wọ́n fi ń tan tẹlifíṣọ̀n náà. Nígbà tó di 1968, wọ́n dán agbára oòrùn wò.

Amóhùnmáwòrán kò lè gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì. Bí ètò bá ti parí, òun ló máa mú kí àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ̀wé, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò. Àwọn ẹni wọ̀nyí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gígùn, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ìran lásán ni àwọn ọmọ ìbá máa wò.

Lóde òní, ẹ̀rọ ti lè gba èsì. Ẹ wo Kahoot, tó wá láti orílẹ̀-èdè Norway. Olùkọ́ á gbé ìbéèrè síta, ọmọ kọ̀ọ̀kan á tẹ ìdáhùn tó yàn, olùkọ́ á sì rí iye àwọn tó ṣì í lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó ń tijú láti nawọ́ sókè náà á dáhùn. Àmọ́ bí ìdajì kíláàsì bá ṣì í, tí olùkọ́ sì bọ́ sí ìbéèrè kejì láì ṣàlàyé, kí ni ẹ̀rọ náà fi sàn ju tẹlifíṣọ̀n 1964 lọ?

Kò sì dìgbà tí ohun èlò bá wọ́n. Lọ́dún 2009, ètò kan tí wọ́n ń pè ní ABC bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Dosso àti Zinder ní Niger. Àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ ìwé kíkà ní èdè Hausa àti Zarma ló wà fún, fóònù kékeré lásán ni wọ́n sì lò. Olùkọ́ ṣì ń kọ́ wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, fóònù kàn fún wọn láyè láti máa kọ ọ̀rọ̀ àti òǹkà lẹ́yìn kíláàsì ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe ìdánwò fún wọn, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí kò lo fóònù lọ.

Ṣùgbọ́n iná ńkọ́? Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, ECOWAS fi ìyà jẹ orílẹ̀-èdè náà, Nàìjíríà sì gé iná tó ń fún un. Niamey wọ òkùnkùn. Ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà máa ń dúró nígbà tí iná bá lọ.

Nítorí náà, kí ilé ẹ̀kọ́ tó náwó, ó yẹ kó wo nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ṣé ẹ̀kọ́ náà lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Irú rẹ̀ wà: ilé ẹ̀kọ́ lè gba ẹ̀kọ́ inú Kolibri sórí kọ̀ǹpútà kan, kí àwọn ọmọ máa lò ó láìsí dátà. Èkejì, ṣé èdè tí ọmọ gbọ́ ló ń sọ? Ẹ̀kẹta, ṣé olùkọ́ ní àsìkò láti ka ìdáhùn àwọn ọmọ, kó sì padà sí ibi tí kò yé wọn?

Bí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí owó náà kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó béèrè tí ẹnikẹ́ni kò dá lóhùn lè ṣìnà, ì báà jẹ́ pé tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.